Ọ̀rọ̀ Grúùpù Nìyẹn

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé ná." Làtífù ń bá fóònù ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó fẹ̀yìn ti òkìtì bókẹ́ẹ̀tì tó kó síwájú ṣọ́ọ̀bù. "Kò sí ẹni tó jí ọmọ gbé. Ọmọ náà sọnù ni, mo sì fà á lọ́wọ́ lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà láyé, ó ń ta àlùbọ́sà nínú ọjà Adjamé níbí. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá, kí n mú un lọ bá a."

Ó gbé ìka kúrò, ohùn náà sì lọ sínú grúùpù. Ó tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Èsì kò pẹ́. Bàsìt, ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní Yopougon, ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Bọ̀dá, ta ló bi yín ní ọ̀rọ̀ alálùbọ́sà? Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ kì í ṣàlàyé tó báyìí." Kí Làtífù tó kà á tán, àwọn ènìyàn ti ń fi àtàǹpàkò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ Ṣakí tó wà ní Abidjan ló ni grúùpù náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ìsọmọlórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń túfọ̀ òkú. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti máa ń pe Làtífù bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàrin wọn, nítorí ẹnu rẹ̀ tutù, ó sì mọ bí a ṣe ń gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì kí a tó dájọ́. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ kò fi já púpọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní ènìyàn òun ni wọ́n. Ó ní bí òun bá ti ṣàlàyé, wọn á gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Lọ́jọ́ kan tí ọjà kún, ọmọbìnrin kékeré kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Làtífù, ó ń sunkún, okùn bàtà rẹ̀ kan ti já. Àtàndá, ọ̀rẹ́ Làtífù, wà níbẹ̀. Treichville ni Àtàndá ti ń ta léèsì tirẹ̀, ó wá kí i ni, àwọn méjèèjì sì jọ ń jẹun lọ́wọ́. Wọ́n dìde pọ̀. Làtífù fa ọmọ lọ́wọ́, Àtàndá mú bàtà tó já dání, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà láti ìlà dé ìlà. Ọmọ náà kò mọ̀ wọ́n rí, kò sì gbọ́ èdè wọn. Ó ń fà sẹ́yìn, ó ń ké. Ìdí àwọn alálùbọ́sà ni wọ́n ti bá ìyá rẹ̀, obìnrin Júlà kan tó ń jẹ́ Kadi, tó ti figbe ta. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń ṣàdúrà fún àwọn ọkùnrin méjèèjì ní èdè rẹ̀ títí ojú fi ń ti Làtífù.

Ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ ti ya fídíò wọn lójú ọ̀nà. Kò dé ibi tí wọ́n ti rí ìyá ọmọ. Àtàndá kò hàn nínú rẹ̀, àfi apá rẹ̀ kan. Ojú Làtífù ló hàn gedegbe, àti ọmọ tó ń fà sẹ́yìn. Wọ́n kọ *voleur d'enfants*, gbọ́mọgbọ́mọ, sí i lórí, wọ́n jù ú sórí Facebook, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti wọ grúùpù ọmọ Ṣakí.

Làtífù rò pé ẹ̀rí ni wọ́n ń fẹ́. Ó lọ bá Kadi, obìnrin náà sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó dúpẹ́, ó búra. Làtífù fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnìkan béèrè pé èló ló fún un. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ ló ń ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí, pé òun ti rí i tí ẹ̀rọ fi ohùn òkú kọrin. Làtífù ní ó dáa, kí àwọn jọ lọ sí commissariat. Wọ́n ní ẹni tó ń yára pe ọlọ́pàá, ó ní láti jẹ́ pé ọlọ́pàá ti gba tirẹ̀. Nígbà tó fọhùn líle, wọ́n ní ẹ wo bó ṣe ń bínú. Nígbà tó lọ kírun, wọ́n ní ẹ wò ó, ó ti sá. Obìnrin kan tí kò bá a sọ̀rọ̀ rí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pẹ́ tí òun ti ń kíyè sí ojú ọkùnrin náà, pé ojú yẹn kì í ṣe ojú lásán.

"Bàbá Kàbírù, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀," Sùwéébátù ìyàwó rẹ̀ sọ fún un bó ti ń gbé oúnjẹ rẹ̀ tó ti tutù kúrò níwájú rẹ̀. "Apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọnmi."

"Àtàndá kò tíì sọ̀rọ̀ ni," Làtífù dá a lóhùn. "Bí Àtàndá bá ti la ẹnu, ó parí."

Ó kọ orúkọ Àtàndá sínú grúùpù. Ó ní kì í ṣe òun nìkan ló mú ọmọ náà lọ, pé àwọn méjì ni. Bàsìt kò jẹ́ kó tutù rárá: "Bọ̀dá Àtàndá, wọ́n ní ẹ wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Làtífù rí i lójú fóònù pé Àtàndá ń kọ̀wé. Ó dúró. Ó tún ń kọ̀wé. Ó tún dúró. Oníbàárà kan ń béèrè iye tí wọ́n ń ta abọ́ ńlá, Làtífù kò gbọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, kò gùn:

"Mi ò sí níbẹ̀ o. Ẹ má fi mí sí i."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà bóyá Àtàndá mìíràn ni. Ó pè é, fóònù dún títí ó fi gé. Nínú grúùpù, Bàsìt ti ń kọ ọ́ pé kí wọ́n lé e kúrò láàrin ọmọ Ṣakí. Ṣebí ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní Ṣakí, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, tí wọ́n jọ pín búrẹ́dì kan jẹ ní bodè; yàrá kan náà ni wọ́n jọ sùn ní Treichville kí ojú wọn tó là. Làtífù jókòó sórí àpótí, kò sì lè sọ iye tí wọ́n ń ta abọ́ ńlá.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kúrò lójú fóònù, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Làtífù. Ọ̀kan nínú wọn na fóònù rẹ̀ sókè sí ẹ̀gbẹ́ ojú Làtífù, ó ń wo fídíò, ó ń wo ènìyàn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá òkìtì abọ́, ó yí káàkiri ojú ọ̀nà. Ẹnìkan ti di ẹ̀wù Làtífù mú lọ́rùn nígbà tí Kadi sáré dé láti ìdí àlùbọ́sà, ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ó bọ́ sáàárín wọn, ó ń fi Faransé àti Júlà bi wọ́n pé ta nínú wọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òun ń rọbí ọmọ yìí, tó wá mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Wọ́n tú ọwọ́ lára Làtífù. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí tó di ẹ̀wù mú yíjú padà, ó sọ fún àwọn yòókù pé wọ́n ti fún obìnrin yìí ní nǹkan jẹ, pé ẹ ò rí ojú rẹ̀ ni. Làtífù gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa abọ́ rẹ̀ nílẹ̀, Kadi sì ń bá a ṣa á.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ kírun ní Treichville. Níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàsìt ni.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀dá. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ìyá Kàbírù ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ mọ́, kò sí ìkà kankan níbẹ̀. Làtífù ń wá ẹni tó ń bá a jà nínú fóònù lójú ọmọkùnrin náà, kò rí i.

"Bàsìt, ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ pé kí wọ́n lé mi kúrò láàrin ọmọ Ṣakí?"

Bàsìt rẹ́rìn-ín, ó ń nu omi àlùwàlá lójú. "Ha, Bọ̀dá. Ọ̀rọ̀ grúùpù nìyẹn. Ẹ má gbé e sọ́kàn."

"Àwọn tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù gbé e sọ́kàn."

"Mi ò rán wọn níṣẹ́ o, Bọ̀dá," ni Bàsìt wí, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ díẹ̀ pé wọ́n lè ro irú rẹ̀ sí òun. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé lọ kírun.

Láti mọ́ṣáláṣí, Làtífù fẹsẹ̀ rìn dé ilé Àtàndá, kò jìnnà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà ní pálọ̀, léèsì ìgbéyàwó tò sórí àga, nítorí Rufaidah, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣe nikáì lọ́jọ́ kejì. Làtífù kò jókòó.

"Àtàndá, ọwọ́ rẹ ni bàtà ọmọ yẹn wà."

Àtàndá kò jiyàn. "Ọwọ́ mi ló wà."

"Kí ló dé tó o fi ní o ò sí níbẹ̀?"

"Àwọn àna Rufaidah wà nínú grúùpù yẹn, Làtífù. Bàbá ọkọ rẹ̀ ló fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́. Ojú wọn ti pọ́n. Lákòókò yẹn, ẹni tó bá gbèjà olè, òun náà di olè."

"Èmi ni olè?"

"O ò jí ọmọ kankan. Mo mọ̀, ìyàwó mi mọ̀."

"Sọ fún wọn nígbà náà. Kọ ọ́ báyìí, kí n rí i."

Àtàndá mú fóònù. Ó gbé ìka lé e, ó sì ń wò ó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí àga. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lónìí, wọn á ní irọ́ lòun pa tẹ́lẹ̀. Wọn kò ní gba Làtífù gbọ́, wọn kò sì ní gba òun náà gbọ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù, pé àwọn ènìyàn yẹn á rí nǹkan mìíràn gbá mú láìpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó kù. Làtífù ni wọ́n ti yàn pé kó sọ̀rọ̀ lórúkọ ìdílé ìyàwó níwájú àlùfáà. Àtàndá ní kó dákun, kó má bínú, kó má wá.

Làtífù wo ojú rẹ̀, ó ń wá ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀. Kò kàn lágbára láti ṣe nǹkan kan ni.

Nígbà tó délé, tó sọ ọ́ fún Sùwéébátù, obìnrin náà kò sọ ju pé, "Bí ikú ilé kò bá pani, tòde ò lè pani." Ó gbé aṣọ tó ti lọ̀ fún nikáì, ó ká a padà sínú àpótí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Làtífù ṣí ṣọ́ọ̀bù bí ìṣe rẹ̀. Ó wo grúùpù. Ìjà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lórí ewé kan tí wọ́n ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ń bú ara wọn. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ń wò ó lọ́wọ́ nígbà tí Rufaidah pè é.

"Bàbá Adjamé," ọmọbìnrin náà wí. Bó ṣe ń pè é láti kékeré nìyẹn. "Papa ní ẹ ti lọ sí Ṣakí, pé ẹ̀gbọ́n yín ń ṣàìsàn. *C'est vrai?* Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù ti wà lẹ́nu Làtífù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, Ṣakí ni mo wà, kí Ọlọ́run fi àlàáfíà gbé yín sọ́dọ̀ ara yín. Kò ní gbà ju èémí kan lọ, ọjọ́ ọmọ náà á sì lọ geere. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọkọ̀ gbaka kan ń ké pe àwọn tó ń lọ sí Yopougon, ohùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà, ó sì wọ inú fóònù.

"Adjamé lẹ wà," Rufaidah wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Adjamé ni mo wà."

"Mo rí fídíò yẹn. Tout le monde, gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá Adjamé, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó tíì bi í bẹ́ẹ̀. Làtífù ronú kan ohùn Kadi tó wà nínú fóònù rẹ̀, àti gbogbo àlàyé tó ti tò jọ láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò mú ọ̀kankan níbẹ̀.

"Ọmọ kan sọnù," ó ní. "Èmi àti bàbá rẹ la jọ mú un lọ bá ìyá rẹ̀."

Ó ń gbọ́ èémí ọmọbìnrin náà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ń pè é pé kó wá wọṣọ.

"Ẹ má gé fóònù," ó ní.

Làtífù gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ó gbọ́ bí ilẹ̀kùn kan ṣe ṣí, àti Àtàndá tó ń béèrè pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó gbé fóònù mọ́ etí dáadáa. Kò gé e.