Orúkọ Bàbá Sójà

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ẹ̀kọ́ ilé lè kó ìtìjú báni? Ó lè kó o! Ó kó o bá wa ní Zongo, ní Niamey níbí, lójú gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché, lọ́jọ́ tí a ṣe fídáù bàbá àgbà wa.

Bàbá wa, Nùrẹ́nì, ti lọ sílé fún fídáù bàbá rẹ̀ ní abúlé wa lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kí àwa tá a wà ní Niamey má kàn káwọ́ gbera, kí a ṣe fídáù tiwa lọ́jọ́ kẹjọ bí wọ́n bá ti ń ṣe é nílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màámi dáná, èmi Sàlímà ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi, Tóyìb àbúrò mi lọ háyà àga. Àfáà Àbdùlkàdír, ará Ìlọrin, dé tòun ti láwàní tó tóbi ju ìkòkò ìrẹsì wa lọ.

Mo fẹ́ kí àdúrà yẹn kúnjú òṣùwọ̀n, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ràn bàbá àgbà wa. Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, wọ́n ti ẹnubodè Niger àti Nàìjíríà pa, kò sí bí mo ṣe lè lọ wò ó. Ìgbà tí ọ̀nà fi máa là, bàbá ti kú. Àdúrà yìí nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún un.

Bàbá Sójà la máa ń pè é. Àgbẹ̀ oníṣu ni, àmọ́ ó ja ogun Bìáfúrà, nígbà tó sì padà wálé, ó kó gbogbo ogun náà sínú ẹ̀sìn. Tá a bá lọ kí i nígbà ìsinmi, fèrè ló fi ń jí wa fún ìrun àsùbáà. A óò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, yóò wá máa yẹ gìgísẹ̀ wa wò bóyá omi àlùwàlá kàn án. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, ó di dandan kó sáré yí igi máńgòrò ká.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé lójú ogun, òun gun orí dúrọ́ọ̀mù epo láti pe ìrun. Àwọn tó wà lódìkejì odò dá ìbọn bolẹ̀. Bàbá ò sọ̀kalẹ̀! Ó ní ta ló ń pe ìrun ní àbọ̀? Ìgbà tó pè é tán ló tó já bọ́ bí àpò iṣu. Inú bí ọ̀gá wọn, ó ní kó lọ gbẹ́ ṣáláńgá fún gbogbo ibùdó. Ó gbẹ́ ẹ, ó sì rí i dájú pé ẹnikẹ́ni tó bá lóṣòó síbẹ̀ kò ní kọjú sí Kíbílà. Wàláhì, èyí ló fi ń yangàn jù nínú gbogbo ogun náà.

Ọdún tó wá kí wa ní Niamey ńkọ́? Ó wọ mọ́sálásí, ó wo bí àwọn èèyàn ṣe tò wọ́gọwọ̀gọ, inú bí i. Ó kúrò láyè rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá to ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò. Ó dé iwájú Alájì Khàlíd, ọ̀kan nínú wọn, ó fi orí ọ̀pá kan ikùn ẹni ẹlẹ́ni: “Ikùn, padà sẹ́yìn!” Lémọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ rọra fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ̀ sípò.

Bàbá tí a fẹ́ ṣàdúrà fún nìyẹn. Àfáà wá wúkọ́, ó béèrè pé, “Kí lorúkọ olóògbé?”

“Bàbá Sójà!” Gbogbo wa pariwo.

“Mo ní orúkọ.”

Tóyìb wò mí, mo wo Tóyìb. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti máa béèrè orúkọ bàbá bàbá ẹni? Wọ́n á gbá ẹ lẹ́nu! Ní Niger níbí sì rèé, orúkọ bàbá ẹni ni wọ́n ń so mọ́ tẹni. Sàlímà Nùrẹ́nì, Tóyìb Nùrẹ́nì, ó parí. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa wolé wolé, a ò rí orúkọ.

Tóyìb ní, “Àfáà, Ọlọ́hun ṣáà mọ Bàbá Sójà.”

“Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Sójà mélòó ló wà ní sàréè?”

Mo pe bàbá wa lórí fóònù, kò wọlé. Ní abúlé yẹn, àfi kéèyàn gun orí àpáta kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bi Alájì Khàlíd tó wà láàárín àwọn àlejò, ó ní, “Ẹni tó ń fi ọ̀pá gún mi níkùn, ìgbà wo ni n óò rí àyè bi í léèrè orúkọ?”

Mo sáré wọ ilé ìdáná. “Màámi, kí lorúkọ bàbá?”

Màámi fọwọ́ bo ẹnu. “Orúkọ bàbá ọkọ mi? Kí n là á mọ́lẹ̀ pè é? Sàlímà, ta ló rán ẹ sí mi?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í pè é.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ọwọ́ tó bá kọ ọ́, ṣé kì í ṣe ẹnu ló rán an?”

A ṣáà bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti dúró lẹ́nu ọ̀nà, pé tá a bá ń dárúkọ, èyí tí kì í bá ṣe ti bàbá, òun á mi orí. Áà, ọjà dé! “Mùsá!” Ó ní rárá. “Ìdrìsù! Yàqúb! Àbdùlmàlíkì!” Rárá. Ọmọ ìlú kan, Zarma, tó wá jẹun pariwo, “Djibo!” Wèrè kan lẹ́yìn tún ké, “Hàwáù!” Hàwáù, orúkọ Màámi fúnra rẹ̀! Màámi mirí títí gèlè fi já bọ́. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín, Àfáà ti ń wo aago, ẹnì kan ti ń béèrè bóyá ẹran ti jinná.

Ni inú bá bí mi. “Ẹ dákẹ́! Màámi, ọkùnrin yẹn mọ orúkọ gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀! Ṣé bí ẹni tí kò lẹ́nìkan la ó ṣe ṣàdúrà fún un?” Ẹkún gbọ̀n mí, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Màámi wò mí. Ó nu ọwọ́, ó tún gèlè wé, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá ọkọ mi, ẹ foríjì mí. Ọmọ yín ló fẹ́ ẹ.” Ó lanu. Ló bá figbe ta bí ẹni tó ń pe èèyàn láti etí odò:

“Súlúkífílì!”

Láwàní Àfáà ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún un ṣe, ó gbọ́wọ́ sókè: “Yáà Ọlọ́hun, Súlúkífílì rèé o, kẹ́ ẹ, gẹ̀ ẹ́.” A ṣe àmín débi pé àwọn aládùúgbò yọjú.

Ìgbà tí àlejò tú ká, mo gbé abọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Màámi ń fọ ìkòkò, ó kọ̀yìn sí mi, mo sì gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Súlúkífílì,” ó ní. Ó bu omi. “Súlúkífílì.”

Ó yíjú, ó rí mi. Ojú ò tì í.

“Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn ni orúkọ yìí ti ń dùn mọ́ mi,” ó ní. “Kò ṣáà sẹ́ni tó jẹ́ kí n pè é.”