Owó Gbà-má-bínú Àṣíáwù

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tíì dé. Nàfíù gbé ẹ̀rọ POS rẹ̀ sókè sójú oòrùn, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá Toheebat, ó máa tó dé." Ohun tó sọ nígbà tí mo dé náà nìyẹn. Sùúrù wo? Ọkùnrin tó pè mí lórí fóònù ní kó tó di ìrun Aláàsárì ni. Ó ní tí owó ìforúkọsílẹ̀ ò bá wọlé, wọ́n á fa orúkọ Àṣíáwù ìyàwó mi yọ, wọ́n á fi ti ẹlòmíì sípò rẹ̀.

Fa orúkọ rẹ̀ yọ... Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde nílé. Mo kó owó sápò bùbá, mo ní kí Toheebat máa wo ṣọ́ọ̀bù, mo ní mo fẹ́ lọ kí Nàfíù ní oríta. Ta ló ń wọ bùbá tuntun lọ kí Nàfíù? Ọmọ náà wò mí látòkè délẹ̀.

Owó àgbàdo ni. Àgbàdo tí mi ò rí kó kọjá sí Kétu lódìkejì mọ́ látìgbà tí wọ́n ti bọ́dà, tí mo wá tà lọ́pọ̀ fún ẹnì kan tó gbé ọkọ̀ wá láti Ìbèṣè. Mo fẹ́ fi mú owó ńlá wálé. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ara mi. Mo fẹ́ fi díẹ̀ mú púpọ̀ wálé, kí n fi ra bátìrì sólà wa.

Ọ̀gbẹ́ni Husain, orúkọ tí ọkùnrin orí fóònù náà pe ara rẹ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ààfáà tó mọ ọmọ kọ́. Ó ní irú páńẹ́ẹ̀lì sólà tó wà lórí ilé wa, ó lábùkù láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ilé ẹjọ́ sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún gbogbo ẹni tó ra irú rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó san tiwọn, àwa la ó kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ tiwa.

Irọ́ ni? Ó lè má jẹ́ irọ́. Ó kúkú mọ̀ pé sólà wa ò ṣe dáadáa mọ́. Tẹ́lẹ̀, firísà ṣọ́ọ̀bù wa ń dá yìnyín láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ní báyìí, tí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí báyìí, ó dákẹ́. Toheebat á fọwọ́ kan omi inú ọ̀rá, á ní, "Bàbá mi, kò tíì dì." Bátìrì ló kú — àbí páńẹ́ẹ̀lì ni? Bátìrì tuntun, Kọ̀tọnù ló ti ń wá, ta ló máa gbé e kọjá níwájú àwọn ṣọ́jà? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní epo bẹntiróòlù ò gbọdọ̀ dé ilé epo tó bá sún mọ́ bọ́dà. Ilé epo tiwa ti di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá pè, tó ní, "Bàbá, ṣé sólà yín ò ti máa rẹ̀wẹ̀sì?" kí ni mo fẹ́ sọ? Sólà ta ni kì í rẹ̀wẹ̀sì...

Ẹ̀n-ẹ́n. Sólà ta ni kì í rẹ̀wẹ̀sì?

Mo bi Husain ní ìbéèrè kan. Mi ò kúkú gọ̀. Mo ní, tí wọ́n bá fẹ́ fún mi lówó, kí ló dé tí wọn ò yọ tiwọn kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n fi ìyókù ránṣẹ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òfin ni, Bàbá." Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, torí àwọn oníjìbìtì pọ̀ níta. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó kà fún mi, orúkọ obìnrin ni, Azeezat kan báyìí, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Ó ní akọ̀wé àwọn ni. Mo ní ó dáa. Mo ní ó dáa, mo sì mọ̀ pé kò dáa.

Ilé-iṣẹ́ wo gan-an? Àṣíáwù ò ra páńẹ́ẹ̀lì yẹn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Kétu ló ti rà á, lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá. Àlòkù ni. Ó ti ṣiṣẹ́ lórí ilé ẹlòmíì kó tó dé orí tiwa. Àṣíáwù tú owó nínú ọ̀já, ọkùnrin náà ní, "Mẹ̀sí, Ìyá," ó tán. Ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó gun ọ̀kadà wálé, ó gbá páńẹ́ẹ̀lì mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, eruku ọ̀nà bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó ní, "Bàbá Toheebat, mo ra oòrùn wálé."

Ẹ̀rín rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn...

A ti sin ín kí wọ́n tó ti bọ́dà. Mo máa ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Àwọn ẹbí rẹ̀ láti Kétu rọ́nà wá síbi fìdáù. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ ni, òdìkejì ni wọn ì bá ti máa sunkún.

Ta ló wá fún Husain ní orúkọ Àṣíáwù?

Kí n rántí bó ṣe lọ. Kí n rọra rántí rẹ̀. Àná ni, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà mi wà lára ògiri níbẹ̀; Àṣíáwù ló ní kí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́, fún àwọn tó bá ń wá yìnyín fún ìnáwó. Páńẹ́ẹ̀lì sì wà lórí páànù níbi tí gbogbo awakọ̀ ti ń rí i. Fóònù dún, Husain ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní sólà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Orúkọ ta lẹ fi rà á?" Mo ní... mo ní, "Ìyàwó mi ló rà á. Àṣíáwù."

Èmi ni.

Èmi ni mo fún un. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ṣe bí ẹni ń yẹ ìwé wò, ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n, Ìyá Àṣíáwù. Mo ti rí wọn." Inú mi sì dùn! Bí ìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun pàdé rẹ̀ lọ́nà oko. Ó ní, "Ìyá ńkọ́? Ṣé wọ́n wà nítòsí?"

Mo ní, "Ó lọ sọ́jà."

Kí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀? Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó kàn jáde, ó rọrùn lẹ́nu. Ọjọ́ ọjà ni lóòótọ́, àwọn obìnrin ń kọjá, igbá lórí wọn... Fún gbogbo ìgbà tí fóònù fi wà létí mi, ó lọ sọ́jà, ó ń bọ̀.

Láàárọ̀ yìí ló tún pè. "Bàbá, a ti bá Ìyá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní kí ẹ tètè san án." Ẹni tó bá bá Àṣíáwù sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, òpùrọ́ ni, tàbí kó jẹ́... Kò sí tàbí. Òpùrọ́ ni. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n pa fóònù yẹn. Ó yẹ kí n ṣẹ́ èpè fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí gírígírí, mo ní, "Kí ló tún sọ?"

Kí ló tún sọ. Àgbà bí èmi.

Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ má da ara yín láàmú." Àṣíáwù ò sọ irú rẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ òun ni, á ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Kò sí ọ̀rọ̀ tó le tó tí kì í fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, mo tún wọ bùbá, mo tún kó owó. Èmi Bàrúwà, kí ni mo wá ṣe níbí? Tí owó yìí bá lọ, ọkùnrin yẹn máa tún pè. Irú wọn kì í gba ẹ̀ẹ̀kan. Á ní ó ku díẹ̀. Á ní Ìyá kí mi. Èmi náà á ní kí ló wí, kí ló wí...

Mo rò pé bátìrì ni mo fẹ́ rà.

Nàfíù mọ Àṣíáwù. Gbogbo ìlú Àfọ̀n yìí ló mọ̀ ọ́n. Yìnyín ọwọ́ rẹ̀ ni Nàfíù fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Àmọ́ látìgbà tí mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, ó ti sọ̀rọ̀ ìrẹsì tó gbówó lórí, ó ti sọ ti ṣọ́jà tó gba ọ̀kadà àbúrò rẹ̀, kò dárúkọ Àṣíáwù. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ lójú mi. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Toheebat náà, tó bá fẹ́ sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nǹkan, á kọ́kọ́ wojú mi, á wá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nínú gbogbo oṣù wọ̀nyí, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí pé Ìyá ńkọ́.

Olè ni.

Nàfíù ń nawọ́ sí mi. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé o, kí n ka nọ́ńbà àkáǹtì náà. Fóònù ń gbọ̀n lápò mi. Husain ni, mo mọ̀ láìwò ó. Mo la ẹnu. Nọ́ńbà náà wà lórí ahọ́n mi, mo ti há a sórí láti ilé. Òun kọ́ ló jáde.

"Nàfíù, Àṣíáwù ti kú."

Ohùn mi nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ara mi rí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹlòmíì ló ń sọ ọ́, èmi ń ṣe àmín. Ó ti kú. Kò lọ sọ́jà. Fóònù ṣì ń gbọ̀n, owó ṣì wà lápò, Nàfíù ń wò mí. Ó rọra gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ mi, ó jókòó, ó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ mi.