Ojú Tí Kò Bá Kámẹ́rà Tan

3.

…báyìí ni lẹ́ǹsì ṣe bọ́ lára kámẹ́rà ìjọ, tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn pẹpẹ, tó sì là sí méjì. Kànmí tó ń ya fọ́tò kò pariwo. Ihò dúdú tó ṣẹ́ kù lára kámẹ́rà ló ń wò, bí ẹni tó ń wo ẹnu tí eyín ti ká.

Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní àdúgbò Mount Hope, nílùú òyìnbó níbí, láàárín ọ̀sẹ̀. Sọ́ńdè nìkan ló ń jẹ́ oní-fọ́tò.

4. ÌKÉDE

Ìjọ yóò ra lẹ́ǹsì tuntun. Owó kò pọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fóònù ya fọ́tò nínú ìsìn. Ó ń dun Bùrọ́dà Kànmí.

5.

Lẹ́ǹsì kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà náà ṣe. Òmíràn wà tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ṣe, tó sì wọ kámẹ́rà náà wẹ́kú. Ti àkọ́kọ́ á gba gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Èkejì ò ní gbà tó ìdajì. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á tẹ fọ́tò ńlá fún Màmá Lucy, ìyá àgbà ìjọ, tó ń padà sí Ìlá pátápátá.

Màmá kò ní fọ́tò kan tó fẹ́ràn. "Nínú gbogbo wọn," ló máa ń wí, "mo dà bí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tirẹ̀."

6. ÌPÀDÉ ÌGBÌMỌ̀
(Sharon, ọmọ Kànmí, ló gbà á sílẹ̀.)

ALÀGBÀ ADÉDÀPỌ̀, alága: Ta ni bàbá lẹ́ǹsì kejì yìí?

KÀNMÍ: Ilé-iṣẹ́ ni, sà.

ALÀGBÀ: Ṣé ó bá kámẹ́rà wa tan?

KÀNMÍ: Rárá, sà. Ṣùgbọ́n ó bá a mu.

ALÀGBÀ: Àwọn tó ń gbé pọ̀ láìṣègbéyàwó náà máa ń bára wọn mu. A ò lè gbé e wá síwájú pẹpẹ.

MÀMÁ LUCY: Dàpọ̀, dókítà yọ lẹ́ǹsì ojú mi méjèèjì lọ́dún tó kọjá, ó fi ti ilé-iṣẹ́ kan rọ́pò wọn. Ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn ló dá mi?



ALÀGBÀ: Ṣé ẹ ń fi ríran dáadáa, Mà?

MÀMÁ LUCY: Mo rí i pé o ò tíì gé irun imú rẹ.

SHARON: Daddy, ṣé kí n kọ yẹn náà?

7. ÌKÉDE KEJÌ

Títí ìgbìmọ̀ yóò fi pinnu, kí àwọn tó fẹ́ kí lẹ́ǹsì ojúlówó ya àwọn jókòó sápá ọ̀tún. Kí àwọn tí kò kọ èkejì jókòó sápá òsì.

Àwọn akọrin kò gbọdọ̀ pín.

8.

Àwọn akọrin pín.

9.

Hikmah, ọmọ Ìwó tó ń tajà ní ìsọ̀ kámẹ́rà kan ní Manhattan, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Kànmí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Kànmí fi káàdì báńkì rẹ̀ dúró, kó gbé lẹ́ǹsì méjèèjì lọ, kó dá ọ̀kan padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó sì san owó èyí tó bá mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Èwo lẹ fẹ́ràn?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi Kànmí bẹ́ẹ̀. Ó ronú títí oníbàárà mìíràn fi wọlé.

10.

Sọ́ńdè. Kànmí ní kí Màmá Lucy jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó fi lẹ́ǹsì ojúlówó yà á. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi èkejì yà á.

Apá ọ̀tún ń wò.

Apá òsì ń wò.

Màmá gba kámẹ́rà, ó wo fọ́tò àkọ́kọ́. "Nínú èyí, mo jọ ìyá mi." Ó wo èkejì. "Nínú èyí, mo jọ ara mi."

Ó padà sí fọ́tò àkọ́kọ́.

"Ìyá mi ò ya fọ́tò rí títí ó fi kú. Tiẹ̀ ni kó o tẹ̀ fún mi."

11. WHATSAPP

KÀNMÍ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Lẹ́ǹsì ojúlówó ló ya fọ́tò tí Màmá mú. Tá a bá dá a padà, owó á wà láti tẹ fọ́tò náà.

ALÀGBÀ: A kì í lé agbẹ̀bí jáde lọ́jọ́ ìkómọ.

KÀNMÍ: Tá ò bá dá a padà, kò sówó ìtẹ̀, sà.

ALÀGBÀ: Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣì wà nínú kámẹ́rà ná.

KÀNMÍ: Ọjọ́bọ̀ ni Màmá ń lọ.

*Alàgbà ń tẹ̀wé…*

*Alàgbà ń tẹ̀wé…*

12.

Mọ́ńdè. Subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kún. Kànmí gbé báàgì sórí itan, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Nígbà tó yá, ó fa kámẹ́rà yọ, ó tàn án.

Láti inú fọ́tò àkọ́kọ́, obìnrin tí kò ya fọ́tò rí wò ó.

13.

Hikmah nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ ń dá padà?"

14.

Kànmí ti ọwọ́ bọ báàgì.