Igbákejì Tí Àbúrò Mi Ń Wá

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pín in sí yàrá méjì, bí èèyàn bá sì fojú balẹ̀ wo ilẹ̀ rẹ̀, á ṣì rí abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà níbi tí sìmẹ́ǹtì ti là. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, àwa mẹ́rin la jókòó sí yàrá iwájú: àbúrò mi tó fẹ́ di gómìnà, akọ̀wé ẹgbẹ́, ìyá ẹgbẹ́ tó ń darí àwọn obìnrin, àti èmi. Èmi kì í ṣe òṣèlú. Ilé iṣẹ́ omi ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n pè mí nítorí pé Tiwa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì àbúrò mi.

Tiwa kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn èrò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ wa. Bó bá ti yọ lókèèrè báyìí, tọmọdé tàgbà á figbe ta: "Tiwa! Tiwa ni!" Kò sí ilé tí kò wọ̀, kò sí ìyá arúgbó tí kò mọ ibi tó ń dùn ún. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ládùúgbò, á bọ́ bàtà rẹ̀, á sì ti èjìká bọ abẹ́ pósí. Ó gbé pósí ìyàwó mi náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ikọ́ fée ló ń ṣe ìyàwó mi. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Tiwa ń ṣe ìpàdé ńlá ní pápá lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti dí gbogbo títì. Ọkọ̀ kankan kò lè kọjá àfi áńbúláǹsì ilé ìwòsàn àdúgbò. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ó ń bọ̀. Mo tún pè, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti parí. Ẹ̀yìn ìsìnkú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé inú pápá ni áńbúláǹsì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle tí Tiwa ti ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀.

Àwọn alátakò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àbúrò mi bá mú Tiwa, wọ́n á máa pariwo kiri pé ẹni tó ṣekú pa ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ bá ṣèjọba. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dá ariwo náà dúró: èmi, bí mo bá gun pèpéle, tí mo sì bọ Tiwa lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu mi nìyẹn. Àbúrò mi sì ti ṣèlérí fún mi nínú ilé mi pé bí mo bá kọ̀, òun á wá ẹlòmíràn.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Kí wọ́n tó mú èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ ka gbogbo àbùkù rẹ̀. Oore rẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Wọ́n ní bí oore bá ṣáájú, ojú á máa ti èèyàn láti sọ ìyókù.

Ìyá ẹgbẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. "Ṣé kí n sọ òótọ́? Ẹnu Tiwa kò nílẹ̀kùn. Ohun tẹ́ ẹ bá bá a sọ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán, ewúrẹ́ àdúgbò ti gbọ́."

Akọ̀wé gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹgbẹ́ méjì ló ti já jù sílẹ̀ kó tó wá bá wa. Ẹni tó kọ ìyá tó kọ bàbá, ṣé ìyàwó bàbá ló máa wá dúró tì? Kò sì mọ àkókò. Ẹ pè é síbi ìsìnkú ara rẹ̀, á pẹ́ débẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ńkọ́?" ni àbúrò mi béèrè.

Ìyá ẹgbẹ́ pòṣé. "Ìyẹn kì í ṣe àbùkù mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ni lọ́tọ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn pákó. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé pákó ń gbọ̀n.

Akọ̀wé dìde. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni o," ni ohùn náà dáhùn. "Wọ́n ní kí n wá jókòó síbí dè yín. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kí n dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀ ń jẹ́ kí n mọ ara mi."

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Tiwa. Ó ti mọ̀ ọ́n sí apẹ́lẹ́yìn, nítorí náà ó sọ fún un pé kó wá ṣáájú àkókò, kó lè bá àkókò mu. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Tiwa kò pẹ́. Ó ti wà níbẹ̀ kí àwa tó dé, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó wọlé. Èèyàn gíga ni, ó ní láti tẹ̀ ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà. Ó kí mi kó tó kí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí wọn.

"Ìyá wa, ẹ bá mi wá káfíńtà tó máa fi ilẹ̀kùn sí ẹnu mi. Akọ̀wé, ẹgbẹ́ méjì kọ́ o, mẹ́ta ni. Ẹ ti gbàgbé ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ bú èèyàn, ẹ máa bú u pé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Gbogbo wa ló mọ àbùkù tó kù tí wọn kò tíì kà.

"Bùọ̀dá," ni àbúrò mi wí, "ó ku ẹ̀yin."

Mo wo Tiwa lójú. "Ta ló ní kí áńbúláǹsì wà ní pápá lọ́jọ́ náà?"

Mo ti retí pé á di ẹ̀bi náà ru awakọ̀, tàbí dókítà, tàbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé a ń pè é?"

"Awakọ̀ wá bá mi lórí pèpéle. Ó ní aláìsàn kan wà lágbègbè yín. Mo ní kó dúró ná. Oòrùn mú, èrò pọ̀, mò ń bẹ̀rù pé ẹnì kan lè dákú. Kò pẹ́ sígbà náà tí aboyún kan dákú lóòótọ́. Òun ni awakọ̀ gbé lọ."

"Ṣé ó yè?"

"Ó yè, Bàbá. Òun àti ọmọ."

Nínú ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé ti wa, ẹnì kan ń lu páànù. Ká ní ó purọ́ ni, iṣẹ́ mi ì bá rọrùn. Ìbínú mi ì bá rí ibi tẹsẹ̀ dúró sí. Òótọ́ tó sọ yìí gba ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ìyá ẹgbẹ́ fi ọwọ́ nu ojú. "Bàbá, ó sọ òótọ́. Mélòó nínú wọn ló lè la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọn ò pọ̀," ni mo dá a lóhùn. Mo tún kọjú sí Tiwa. "Bí o bá tún ń ṣe ìpàdé lọ́la, tí èrò pọ̀ tó ti ọjọ́ náà, ibo lo máa ní kí áńbúláǹsì dúró sí?"

Ó wo àbúrò mi. Ó wo akọ̀wé. Ojú rẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ mi kíákíá.

"Bàbá," ló wí níkẹyìn, "bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni."

Mo dìde. "Mi ò bá a jà. Èèyàn rere wà nínú rẹ̀, mo rí i. Ṣùgbọ́n mo kọ̀. Ọwọ́ tí ìyàwó mi dì mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, mi ò ní nà án sí i lórí pèpéle."

Tiwa tẹrí ba.

Àbúrò mi tẹ̀ lé mi jáde. A dúró lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù onípáànù, a ní láti gbé ohùn sókè díẹ̀ ká tó gbọ́ ara wa.

"Bùọ̀dá, láìsí Tiwa, a ò lè rí ìbò kan mú ní agbègbè etí odò wa níbí. Wọ́n á fi wá gbálẹ̀."

"O ṣèlérí fún mi."

"Mo mọ̀." Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì ń kọ́ ìrìn. Ìyàwó mi ló gbé e pọ̀n, ìyàwó mi ló wẹ̀ fún un, Àǹtí ló ń pè é títí tí irun àgbọ̀n òun fúnra rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó sunkún ju àwọn ọmọ mi lọ. "Bùọ̀dá, ká ní Àǹtí wà, kí ni wọ́n máa sọ?"

"Á ní kí o mú un. Á ní ó ti sọ òótọ́, ká dárí jì í."

"Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n òun kọ́ lo wá bi ní nǹkan. Òun ti kú. Èmi lo bi."

Onípáànù náà dáwọ́ dúró, ó ń wá ìṣó.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ohun tí kò tíì ṣe ló ń tọrọ ìdáríjì rẹ̀. Ó padà wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ìgbà tí èèyàn ń kúrò nínú yàrá aláìsàn. Mi ò tíì dé ìkóríta tí mo fi gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo fi máa dé ilé, ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Aránbàtà tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa gbé òòlù rẹ̀ sókè. "Bàbá, ẹ kú oríire o! Wọ́n ní Tiwa ni! Ó ti parí nìyẹn, ilé ìjọba ti di tiyín." Mo ní ó ṣeun.

Àbúrò mi àti Tiwa wọlé nínú ìdìbò náà. Ìbò tí wọ́n fi ju àwọn alátakò lọ pọ̀ gan-an. Wọ́n ní Tiwa ló gba gbogbo etí odò fún wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni.

Àbúrò mi ṣì máa ń wá kí mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ á dúró síta, òun nìkan á wọlé, á bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Á béèrè ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí. Èmi náà á béèrè àwọn ọmọ. A máa sọ̀rọ̀ òjò, a máa sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe. Àga ìyàwó mi ṣì wà níbi tó máa ń wà, àbúrò mi sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ jókòó. Láti ọjọ́ tó tọrọ ìdáríjì náà, kò tíì fẹnu pe Àǹtí nínú ilé yìí.