Ọwọ́ Òsì ní Kíláàsì Míìsì Mok

Yàrá àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Tuen Mun há débi pé bí ẹnì kan bá sín níbẹ̀, ẹni kejì ni yóò nu imú. Ibẹ̀ ni Mok Sau-han ti ń jẹ ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Fok Sà, olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, wọlé tòun ti ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹta. Ó gbé gbogbo ìwé náà lé orí ìrẹsì rẹ̀.

"Míìsì Mok, kí lèyí?"

"Lẹ́tà ìfisùn ni, Sà. Mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún wọn. Ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa."

Fok Sà mú èyí tó wà lókè, ó ń kà á sókè. Ti Tsang Hoi-lam ni. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Ọ̀gá olóúnjẹ, apá adìẹ tí ẹ bù fún mi lánàá kéré débi pé mo wo ojú fèrèsé bóyá ológoṣẹ́ kan ń wá apá rẹ̀ kiri. Ìrẹsì yín le débi pé ẹ̀gbọ́n mi fi hóró kan kan ìṣó mọ́ ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú fún eyín wa."

Ẹ̀rín pa Fok Sà. Kò tíì rín in tán tó fi gbé e mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

"Ọmọ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ," ni ó wí. "Òun ló sì burú. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa kọ́ wọn ní ìfisùn? Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ láti òkè lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ wo bá a ṣe ń fi ààbò orílẹ̀-èdè kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì yín ni wọ́n máa wọ̀."

"Ààbò orílẹ̀-èdè kẹ̀, nínú Gẹ̀ẹ́sì?"

"Lau Sà, olùkọ́ eré ìdárayá, ti fi í sínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Olùkọ́ orin ti fi í sínú fèrè. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù. Oúnjẹ wà lára ààbò orílẹ̀-èdè, àbí kò sí? Ẹ sọ lẹ́tà ìfisùn yìí di lẹ́tà ìdúpẹ́. Lẹ́tà ṣáà ni." Ó kó àwọn ìwé náà, ó kó wọn sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gé ìwé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ̀rọ náà sì jẹ wọ́n bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu.

Bó bá jẹ́ nígbà kan rí ni, Sau-han ìbá jà. Ṣùgbọ́n kọ́ńtíráàtì ọdọọdún ló ń ṣe láti ìgbà tó ti débẹ̀, ìdílé sì ń kó lọ sí Manchester nílùú òyìnbó bí ẹyẹ tó gbọ́ ìbọn, àga òfìfo ń pọ̀ sí i ní kíláàsì. Gbogbo wọn mọ̀ pé olùkọ́ kan yóò lọ lọ́dún yìí, àti pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dùn mọ́ àwọn alábẹ̀wò nínú yóò di òṣìṣẹ́ àṣefẹ̀yìntì, tí kò ní máa tọrọ kọ́ńtíráàtì lọ́dọọdún mọ́. Ìyá Sau-han wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ta ni yóò máa tọ́jú màmá?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ náà dánra wò. Wọ́n dán an wò títí ẹyẹlé orí fèrèsé fi mọ ọ́n lórí.

"Ẹ gbọ́ o," ni Sau-han wí fún wọn. "Bí mo bá bèèrè nǹkan, gbogbo yín ni kẹ́ ẹ nawọ́. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn, ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọwọ́ òsì. Mi ò ní pe ọwọ́ òsì láéláé. Mo ṣèlérí."

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ní ìlú náà. Àwọn baba wa ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n ní kíláàsì yìí, ọwọ́ òsì ni òrùlé tí ọmọ ń sá sí nígbà òjò.

Tsang Hoi-lam dìde. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ni, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ó lè fi gé irun. Òun ni olórí ẹgbẹ́ ajiyàn tó ń lọ bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn díje.

"Míìsì, ṣé kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ológoṣẹ́ yẹn náà ni?"

"Dúpẹ́, Tsang Hoi-lam."

"Ó ti kú, Míìsì. Kò lè gbọ́."

Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, Sau-han náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ tí kò fẹ́ sọ ọ́ ńkọ́?" ni ọmọ náà tún bèèrè, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Sau-han yíjú sí pátákó, ó ń nù ún. "Òsì," ni ó wí.

Lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò dé, kíláàsì ń dán débi pé eṣinṣin tó bà lórí tábìlì yọ̀ ṣubú. Madam Poon, ọ̀gá wọn, jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Fok Sà. Sau-han bèèrè ohun tó ń mú kí ìrẹsì dé abọ́ wa ní àlàáfíà, ọwọ́ sì yọ bí oko ìrèké. Ó pe ọwọ́ ọ̀tún, ọmọ náà dáhùn bí ẹni kọrin ìjọ. Ó pe òmíràn, òun náà dáhùn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ibodè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òkun. Fok Sà ń mi orí bí aláǹgbá.

Ohun tí Sau-han gbàgbé ni pé olùkọ́ ni Madam Poon náà kó tó di ọ̀gá. Ọgbọ́n ọwọ́ méjèèjì yẹn, òun gan-an ti fi gba oyè.

"Míìsì Mok, ẹ jẹ́ kí n bi ọmọ kan léèrè," ni Madam Poon wí. Ó nàka. "Ìwọ tó na ọwọ́ òsì yẹn."

Hoi-lam dìde.

"Bí oúnjẹ ọ̀sán rẹ ò bá dáa, kí lo máa ṣe?"

Ọmọ náà wo Sau-han bí ẹni tó fẹ́ ta á lọ́rẹ. "Màá kọ lẹ́tà ìfisùn, Màdáámù. Míìsì Mok ló kọ́ wa. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tá a kọ́ lọ́dún yìí, òun ló dùn jù."

Ìyìn ni ọmọ náà ń yìn ín.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Míìsì Mok?"

Fok Sà ń wo bàtà rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ló máa dáhùn. Sau-han fi ojú inú rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rí àga òfìfo, ó rí ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀.

"Rárá o, Màdáámù. Mi ò kọ́ wọn ní irú ẹ̀ rí. Ọmọ yìí fẹ́ràn kó máa parọ́."

Hoi-lam jókòó. Àwọn yòókù, tí olúkúlùkù wọn ti kọ lẹ́tà tirẹ̀, yí ojú sí Míìsì wọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, wọ́n ti kọ àmì ẹ̀bi sínú fáìlì Hoi-lam pé ó parọ́ níwájú àlejò, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ajiyàn. Sau-han di òṣìṣẹ́ àṣefẹ̀yìntì. Fok Sà ra páì ẹyin fún gbogbo yàrá olùkọ́. Sau-han jẹ ẹyọ kan, ó dà bí ìgbà tó ń jẹ ìwé tí ẹ̀rọ gé.

Ó pàdé ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn.

"Tsang Hoi-lam."

"Míìsì."

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn..."

"Ẹ má ṣèyọnu, Míìsì. Ẹ ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n tí kò bá fẹ́ sọ, òsì ni. Èmi ni mo lọ lanu." Ó tẹrí ba díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba fún àlejò, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Sau-han wọ kíláàsì. Ó fẹ́ fi ohun tó rọrùn bẹ̀rẹ̀, nǹkan tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀.

"Ta ló lè sọ fún mi bójú ọjọ́ ṣe rí lónìí?"

Oòrùn ń ràn débi pé ó lè din ẹyin lórí tábìlì. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Kò sí ẹyọ kan tó kù nílẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀, ó yọjú, ó rí igbó ọwọ́ náà, inú rẹ̀ dùn, ó sì kan sáárá sí Míìsì Mok.

Sau-han wo ìlà iwájú. Ó wo àárín. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí Hoi-lam jókòó sí. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn nà.

Ó ti ṣèlérí pé òun ò ní pe ọwọ́ òsì láéláé. Ó dúró síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, kò rẹ́ni tó lè pè.