Èédú Tí Kíákíá Kó Wá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà, awakọ̀ tó ń kó èédú wá sí ilé iná ni. Kíákíá ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dáná ààrò ńlá ibẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Ìyá Oníná. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dọ́ba, ṣùgbọ́n ìkánjú ọkùnrin náà ló sọ irun rẹ̀ di funfun.

Iṣẹ́ wọn kò le láti yé ni. Kẹ́míkà kan wà nínú omi ìlú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ àti aṣọ tí òjò kì í wọ̀. Kì í jẹrà, oòrùn kì í pa á. Àìkú ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ omi ń fi èédú mú un. Bí èédú bá ti mu ún yó, Kíákíá á kó o wá fún ìyàwó rẹ̀. Ààrò àkọ́kọ́ á lé Àìkú jáde lára èédú, á di èéfín. Ààrò kejì, tó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, á wá pa á pátápátá. Bí ooru ààrò kejì yìí bá lọ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, Àìkú á bá ṣímínì jáde, á sì tún padà sínú kànga àwọn èèyàn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń rọbí oyún àkọ́kọ́ ní ọsibítù. Ìyá ti ṣèlérí pé òun lòun máa di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹrù èédú kan ṣoṣo ló kù kó tó lọ, òfin ilé iná sì ni pé ẹni tó bá da ẹrù sínú ààrò ló máa dúró tì í títí yóò fi parí.

Kíákíá bá wá ọ̀nà àbùjá. Èédú gbọ́dọ̀ ro omi ara rẹ̀ dànù lórí asẹ́ kó tó wọ iná, ṣùgbọ́n Kíákíá kò dúró kó ro tán tó fi kó o dé. Ìyá Oníná a máa bu ẹ̀kúnwọ́ èédú kan, á fún un wò. Bí omi bá kán, ó di kí wọ́n dá a padà. Lọ́jọ́ yìí, fóònù tó fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún èédú wò.

"Ṣé ó ti gbẹ?" ló bi ọkọ rẹ̀.

"Ó ti gbẹ, dà á síbẹ̀ jàre."

Kò pẹ́ tí omi inú èédú bẹ̀rẹ̀ sí pa ooru ààrò. Ìyá Oníná wo aago ooru, ó rí i pé ó ti ń lọ sílẹ̀. Ó dá èédú tó ń wọlé dúró, ó sì fi gáàsì kún iná ààrò kejì.

"Jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀," ni Kíákíá wí. "Ẹrù ẹyọ kan, ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá Ọmọ, ẹ kó èédú tútù wá, ẹ tún fẹ́ kí n fi èéfín rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ yín?"

Kíákíá tẹrí ba. "Mo fẹ́ kó o tètè débẹ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ìfẹ́ yín ò sáà ní kánjú pa mí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé ṣọ́bìrì, ká tẹ́ ìyókù sórí asẹ́."

Ó pe ọmọ rẹ̀ pé òun máa pẹ́. Ọmọ ní, "Màmá, ẹ ṣèlérí fún mi." Ọ̀rọ̀ yìí gún ìyá lọ́kàn. Ó kọjú sí ààrò, ó sunkún, kò sì kúrò nídìí iná títí ẹrù náà fi parí.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ọmọ ti délé ayé. Ìyá Oníná dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í, èédú ṣì wà nínú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láìka gbogbo ọṣẹ tó fi fọ̀ ọ́.

"Má bínú, ọmọ mi. Mi ò di ọwọ́ rẹ mú."

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó sì di ọwọ́ dúdú yẹn mú gírígírí. Ìyá wo ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ ń dán.

"Ṣé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́? Omi wo ni wọ́n lò?"

"Omi ẹ̀rọ ni, Màmá. Omi yín ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́."

Omijé bọ́ lójú Ìyá Oníná. Ibi tó ti ń nu ojú ni Kíákíá ti na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ.

"Ẹ rọra!" ni ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Kíákíá rọra.