Lẹ́yìn Tí Ohùn Akíntọ́lá Lọ

Kí àìsàn tó kọlu Akíntọ́lá, òun ló ń gbàdúrà nínú ilé rẹ̀ ní Ajue. Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ kì í gbàdúrà sókè. Tirẹ̀ ni kó dá orin, kó sì ṣe àmín. Bàbá ìjọ ni ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé àwọn tó ń yan gààrí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò máa ń bá a ṣe àmín láti ìdí iná.

Inú oko kòkó ló ṣubú sí. Wọ́n ń fọ́ kòkó lọ́wọ́, ó dìde kó lọ gbé agbọ̀n, ó sì lulẹ̀. Kí Títílọpẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Zubair, àlejò tó ń dá oko nítòsí wọn, ló sáré gbé ọ̀kadà rẹ̀ wá. Títílọpẹ́ tú ìró rẹ̀, wọ́n fi di ọkùnrin náà mọ́ Zubair lẹ́yìn, òun náà jókòó tì í, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ore.

Kò kú. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ó sì mú ohùn lọ pẹ̀lú. Ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé, nọ́ọ̀sì kan pe Títílọpẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mà, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń gbọ́ yín. Ẹ máa bá wọn na ọwọ́ yẹn àti ẹsẹ̀ yẹn lójoojúmọ́. Ó lè pẹ́ o.”

Ó sì pẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ilé kì í gba èrò. Ìjọ á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, àwọn obìnrin á gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí òjò máa fi dá, àwọn tó ń wá ti dín kù. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n, oko wà nílẹ̀ fún kálukú. Títílọpẹ́ nìkan ló kù tó ń wẹ ọkọ rẹ̀, tó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fún un ní ẹ̀kọ mímu, kó tó sáré lọ wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Joshua ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó máa ń pè lórí fóònù, kò rí ààyè wá.

Àdúrà òwúrọ̀ wá di tirẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n gbà bíi ti ọkọ rẹ̀. Á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á di ọwọ́ tó kú yẹn mú, á ní, “Olúwa, ẹ ṣeun tí a jí. Ẹ wo Bàbá Joshua sàn. Ní orúkọ Jésù.” Òun náà ló ń ṣe àmín rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bọ́látitó, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, wá kí wọn.

“Ìyá Joshua, ẹ gbé wọn lọ sórí òkè àdúrà. Bóyá nǹkan kan wà tí wọn ò tíì jẹ́wọ́.”

Títílọpẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú náà fi hàn pé ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Inú Títílọpẹ́ kò dùn sí i, síbẹ̀ ó gbé e lọ, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ló fà sẹ́yìn. Orí òkè kan lọ́nà Òdìgbó ni wọ́n lọ. Orí ẹní lásán ni wọ́n tẹ́ ọkùnrin náà sí. Nígbà tí wọ́n padà dé, egbò ti dá sí i ní ìdí, kò sì sí nǹkan mìíràn tó yàtọ̀.

Láti ìgbà náà, àdúrà kúrò lẹ́nu Títílọpẹ́. Kò bínú kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ṣì ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀, ó ṣì ń di ọwọ́ náà mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò wá. Á dákẹ́ títí, á dìde, á lọ dáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ dìde, nígbà tí ohùn kan tó há jáde lórí bẹ́ẹ̀dì.

“À... mín.”

Ó yíjú. Omi ń bọ́ lójú Akíntọ́lá.

“Bàbá Joshua, kí lẹ sọ?”

Ẹnu rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí, kò rí i sọ mọ́. Títílọpẹ́ gbé orí lé àyà rẹ̀, ó sunkún débi pé ó gbàgbé iná tó fẹ́ lọ dá.

Ìjọ dúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jó. Gbogbo èèyàn ń retí pé láàárín oṣù náà, ọ̀rọ̀ á ti tú yọ lẹ́nu rẹ̀. Kò tú yọ. Kòkó so, wọ́n ká a, wọ́n sá a, Akíntọ́lá kò tún sọ nǹkan kan. Agara ìyẹn dá ìyàwó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí Pásítọ̀ Ìgbẹ́kẹ̀lé, olùṣọ́ ìjọ wọn, yà kí wọn, Títílọpẹ́ kò lè pa ìrẹ̀wẹ̀sì náà mọ́ra mọ́.

“Pásítọ̀, ó rẹ̀ mí. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ṣe é, kí ló dé tó ṣe díẹ̀ tó fi sílẹ̀?”

Pásítọ̀ kò wàásù. Ó jókòó lórí àpótí.

“Mi ò mọ̀, mà. Mo ti bi í léèrè fún yín. Kò tíì dá mi lóhùn.”

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó bá a gbé ọkọ rẹ̀ síta kí oòrùn lè kàn án. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun á máa wá láràárọ̀ Ọjọ́rú, ó sì ń wá. Lẹ́yìn náà, Bọ́látitó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ fọ̀. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ orí òkè; ó kàn ń fọ̀ ọ́, ó ń dá a padà.

Egbò náà jiná. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ kí Akíntọ́lá tó sọ “omi”. Lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ “Títí”, orúkọ tí kò fi pe ìyàwó rẹ̀ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti bímọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì pọ̀. Apá ọ̀tún kò gbé. Ṣùgbọ́n ó lè jókòó fúnra rẹ̀ báyìí, kó fi ọwọ́ òsì bá a ṣa ẹ̀gúsí.

Àdúrà Títílọpẹ́ padà wá, kò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àárọ̀ mìíràn wà tí kì í wá rárá. Nígbà náà, àwọn méjèèjì á jókòó pa pọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa, Títílọpẹ́ á sì dìde lọ bẹ ẹ̀gẹ́.